Àwọn Tó Ń Gba Orí Afárá Kọjá

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án

Ìpàdé ìgbìmọ̀ lónìí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, bí ìṣe. Ará ìlú tó wá: ẹyọ kan ṣoṣo. Bàbá kan tó wá sá oòrùn, tó ti sùn lọ kí wọ́n tó ṣí ìpàdé.

Wọ́n dá a lábàá pé kí wọ́n hú afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òpópónà Ìsàlẹ̀ kúrò. Wọ́n ní ó ti jẹrà, èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ibẹ̀ mọ́. Alága — Ó-Ti-Yé-Wa, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fi “ó ti yé wa” dé lórí — wo yàrá yíká. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni takò ó. Bàbá yẹn hanrun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Ará ìlú kò takò ó.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ àkọsílẹ̀ wọn. N kò kọ irọ́ rí. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Kí ló wá dé tí mo ń kà á ní àkàtúnkà?

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo sọ fún Baálé mi, ọkọ mi, nídìí oúnjẹ alẹ́. Síbí dúró lẹ́nu ẹ̀. “Afárá tí Màámi ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù?” Òun ni. Ó gbé abọ́, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́. (Ìyá ọkọ mi. Aránṣọ ni, ẹnu ẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ rí ìwé yìí láé.)

Ó ní, “Ìyàwó, ọjọ́ wo lẹ máa ń ṣèpàdé ọ̀hún?” Ọjọ́rú, mo ní, aago mẹ́wàá àárọ̀. “Ta lẹ wá fẹ́ kó wá? Òkú?” Ó bi mí pé níbo la ti ń kéde ẹ̀. Lára pátákó. Níbo ni pátákó wà? Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú ẹ̀.

Ó wá béèrè aṣojú òpópónà wọn. Ẹni yẹn ti kó lọ sí ìlú mìíràn láti ọdún tó kọjá. Ìjókòó ẹ̀ ṣófo. A ò yan ẹlòmíì, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè. Abẹ́rẹ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ gé aṣọ wa, ẹ ò sì wọ̀n wá.” Mo gba ilé lọ bí ẹni tí wọ́n nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ bá Ó-Ti-Yé-Wa. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé ìpàdé tó ń bọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ afárá, ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn rò pé wọn ò bìkítà ni. “Akọ̀wé, ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Àmọ́ ó ti yé wa. Ẹ ṣe é.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ ìkéde. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ní ìbámu pẹ̀lú abala kẹrìnlá.” Baálé mi kà á, ó yán. Ti ìkẹyìn: Wọ́n fẹ́ hú afárá yín. Ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ wá sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo ń lẹ ìkéde kiri. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ọgbà mẹkáníìkì. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ìsàlẹ̀ òpópónà ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀mejì. “Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún mi rèé níbí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè nǹkan.” Ó mú òòlù, ó rá wọ abẹ́ afárá, ó ń lù ú — gán, gán. Ó jáde tòun ti ẹrẹ̀ lórí. “Irin ẹ̀ le koko. Pákó nìkan ló jẹrà.”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá ńkọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Èèyàn mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ló wá! Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ọ̀la ni màá kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n kún títí dé ojú fèrèsé. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sórí àga ọmọ iléèwé, orúnkún wọn ga dé àyà. Wẹ́dà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ irin àti pákó, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe kedere. Káfíńtà kan ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni iṣẹ́ pákó ọ̀hún.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní gbogbo èèyàn kọ́ ló ń gba ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni Abẹ́rẹ́ dìde pẹ̀lú abọ́ kan. Ó ní òun ran aṣọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ Ẹtì, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sọdá, òun ju bọ́tìnnì kan sínú abọ́. Ó dà wọ́n sórí tábìlì níwájú alága. Wọ́n fọ́n ká, àwọn mìíràn yí lọ sábẹ́ àga.

“Ó ti yé wa, Màmá.”

“Kò tíì yé yín. Ẹ kà á.”

Ọkùnrin náà kà á! Ó dé igba, ó nu òógùn. Irinwó àti méjìlá ni. Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá, òun náà rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn ò gbà. Ó ní àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀: ará ìlú kò takò ó. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo gbé bírò kalẹ̀. Mo dìde — èmi tí mi ò sọ̀rọ̀ rí nípàdé kankan. Mo ní, “Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹnì kan ló wà níbẹ̀, ó sì ń sùn. Àwọn tó yẹ ká bi léèrè wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ mi hú afárá wọn.” Mo jókòó. Mo tún mú bírò.

Ìgbìmọ̀ dìbò. Méje ní kí wọ́n tún un ṣe, ẹnì kan ní rárá. Ìpàdé á máa yí láti òpópónà dé òpópónà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Òpópónà Ìsàlẹ̀: wọ́n fẹ́ kí n wá gba ìjókòó aṣojú wọn tó ṣófo. Èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló buwọ́ lù ú. Bí mo bá gbà, mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀.

Mo wo orúkọ àkọ́kọ́. Baálé mi ni, ọmọ bíbí òpópónà náà! Ọkùnrin tó jókòó níwájú mi láàárọ̀, tó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì, tó ń bi mí pé kí ló ń lọ ní ọ́fíìsì.

Mo ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà Ó-Ti-Yé-Wa báyìí, mò ń kọ èyí lórí orúnkún, mò ń dúró kó pè mí wọlé.