Bọ́ọ̀lù Mẹ́ta Lórí Adágún

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ

Mo tún ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde nínú ààrò, mo fọwọ́ ìyẹ̀fun tẹ fóònù, ó parí. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀: omi 750 mítà, kẹ̀kẹ́ ogún kìlómítà, ẹsẹ̀ kìlómítà márùn-ún. Kẹ̀kẹ́ ò bà mí lẹ́rù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ pín búrẹ́dì káàkiri ká tó ra mọ́tò. Eré sísá náà, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Inú omi ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má tún kọ ọ́ mọ́: lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ ló gbé mi jáde nínú adágún. Bọ́ọ̀lù ńlá mẹ́ta, aláwọ̀ ọsàn, ni wọ́n máa ń so sójú omi. Ẹni tó bá yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po ti bọ́ nínú ti omi. Èmi ò dé ìdí àkọ́kọ́. Mo dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú, wọ́n fà mí sókè bí àpò ìyẹ̀fun tó rẹ sómi. Tíṣà ń wò láti bèbè. (Ọkọ mi ni Tíṣà. Ìṣirò ló ń kọ́ni nílé ìwé. Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Àwọn ìbejì wa náà ń wò. Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, oníbúrẹ́dì àdúgbò.

Ó tó.

N ò tíì sọ fún Tíṣà.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo ti rí ẹni tó máa kọ́ mi. Obìnrin, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ara rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Fèrè lọ́rùn, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ó gba ife-ẹ̀yẹ lórí omi nígbà kan, kí èjìká òsì rẹ̀ tó bàjẹ́. Etí puùlù ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń rìn, kì í fẹsẹ̀ kan omi. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹja Gbígbẹ. Lójú rẹ̀, "Kóòṣì" ni o!

Ó ní kí n lúwẹ̀ẹ́ lọ, kí n lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Mo fi gbogbo agbára mi ṣe é. Nígbà tí mo gbórí sókè, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó jókòó sínú oúnjẹ.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Mo ní búrẹ́dì ni mò ń ṣe.

"Mo ti fura. Ẹ̀ ń po omi. Omi kì í ṣe ìyẹ̀fun, Ìyá Oníbúrẹ́dì. Bó ti wù kẹ́ ẹ pò ó tó, kò ní í wú."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi mumi.

Àbámẹ́ta, 9

Gbogbo ìgbà ni mo rò pé èémí kì í tó mi. Irọ́ ni. Èémí tó wà nínú mi ni mi kì í tú sílẹ̀. Mò ń há a mọ́ra bí ahun. Ẹja Gbígbẹ ní kí n dojú bomi, kí n máa kùn, kí atẹ́gùn tú jáde tán pátá, kí n tó yíjú gba òmíràn. Wákàtí kan gbáko: kùn, yíjú. Kùn, yíjú. Akólẹ́tà kan ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìlà kejì, aago ọwọ́ rẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò. Ó dúró, ó bi mí bóyá inú ń run mí ni.

Ọ̀gá Aago ni n ó máa pe ìyẹn. Òun náà ń múra ìdíje ọjọ́ kẹtàlá.

Ọjọ́rú, 13

Àṣírí tú. Aṣọ omi tí mo sá sẹ́yìn ilé ni Tíṣà rí. Mo ti ń retí ariwo. Kò pariwo. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e wọlé, ó fi lé orí àga.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ àti omi yẹn ò tíì parí ìjà ni?"

Mo ní a ò jà, a fẹ́ mọ ara wa ni. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó lọ ń fọ abọ́. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi nígbà tó sọ ọ́: pé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí fìlà rọ́bà mi pòórà lójú omi, òun bẹ̀rẹ̀ sí kà. Kò mọ ohun mìíràn tóun lè ṣe, torí òun ò mọ omi í wẹ̀. Ó ka mẹ́tàdínlógójì kó tó tún rí mi.

Ọdún kan gbáko. Inú ilé kan náà. N ò mọ̀.

Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo bá a nu abọ́. N ò ṣèlérí pé mi ò ní í lọ. Kò ní kí n ṣèlérí.

Ẹtì, 15

Lọ mẹ́rin, bọ̀ mẹ́rin, n ò dúró. Igba mítà! Mo ra ọsàn fún ara mi.

Àbámẹ́ta, 16

Adágún.

Nínú puùlù, ìlà dúdú wà nísàlẹ̀ tó ń mú ọ̀nà hàn. Táìsì funfun, omi tó mọ́ bí dígí. Nínú adágún, mo dojú bomi, n ò rí ọwọ́ ara mi. Omi pọ́n bí tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo ju apá bí ogún ìgbà. Lójijì àyà mi tì bí ilẹ̀kùn. Gbogbo kùn-yíjú tí mo kọ́, ó fò lọ. Mo ń pariwo, n ò mọ ohun tí mò ń wí.

Mo gbọ́ tí omi dún jàlà lẹ́yìn mi. Ẹja Gbígbẹ ti wọ inú omi, tòun ti fèrè lọ́rùn. Apá ọ̀tún nìkan ló ń jù. Apá kan! Kó tó pé ìṣẹ́jú kan ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Kò fọwọ́ kàn mí.

"Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kétí wọnú omi. Kí lẹ rí lókè?"

"Ìkùukùu."

"Mélòó?"

Mo kà á. Mẹ́rin. Ó ní èwo ló tóbi jù. Mo ní ti apá ọ̀tún. Ó ní kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fóun, ojú òun ò ríran jìnnà mọ́. Mo ń ṣàpèjúwe ìkùukùu fún arúgbó láàárín omi, mi ò sì tètè mọ̀ pé mo ti ń mí. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa o. Láti èbúté ló ti ka nọ́ńbà mọ́tò kan ní òdìkejì adágún fún Ọ̀gá Aago.

A jọ wẹ̀ padà, ó fi apá kan ṣíwájú mi. Kóòṣì, mo tọrọ àforíjì. Ẹja tútù ni yín.

Ìṣẹ́gun, 19

Ẹ̀kọ́ ọ̀nì. Nínú puùlù, a di ojú, a ju apá lẹ́ẹ̀mẹfà, a wá gbé ojú nìkan sókè — ojú o, kì í ṣe imú — ká fi mọ ibi tá a wà. Torí pé adágún ò ní ìlà. Mo gbé ojú sókè, ìlà Ọ̀gá Aago ni mo bá ara mi. A forí gbára. Aago rẹ̀ pa gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ rẹ́. Ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹran ọ̀sìn nù. "Ẹgbẹ̀rún mítà ló wà nínú ẹ̀, màdáámù!"

Mo ní apá ẹ̀ ṣáà rántí.

Ẹtì, 22

Páánù búrẹ́dì kan jóná. Mò ń kùn-yíjú níwájú ààrò. Tíṣà jẹ méjì níbẹ̀, ó ní adùn wà lára èyí tó jóná. Òpùrọ́.

Àbámẹ́ta, 23

Adágún. Ọ̀ọ́dúnrún mítà lẹ́bàá bèbè. Ibì kan tutù bí yìnyín, kí n tó ju apá lẹ́ẹ̀mẹta ó tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kóòṣì ní ká kó ara wa jọ ní mẹ́ta-mẹ́rin, ká máa gbá ara wa nígbọ̀nwọ́ díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ́ wa lára kí ọjọ́ ìdíje tó dé. Mo gba ẹsẹ̀ létí. Mo san án padà. Mo tọ omi tí ẹsẹ̀ Ọ̀gá Aago ń ta sókè lẹ́yìn títí dé ilẹ̀, ó fa omi fún mi, iṣẹ́ náà sì fúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gun ẹ̀yìn ẹlòmíràn lójú omi láìjẹ́ kó mọ̀.

Mo sùn bí òkúta lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, 28

Àwọn ìbejì pè láti ilé ìwé. Ìdánwò wọn bọ́ sí ọjọ́ náà, wọn ò ní í lè wá. Èkíní ní kí n rọra. Èkejì ní, "Màámi, ṣé ọkọ̀ máa wà níbẹ̀?"

Mo ní ó máa wà.

"Ẹ má wọ̀ ọ́ o."

Àbámẹ́ta, 30

Tíṣà tẹ̀ lé mi lọ sí adágún! Ó kàn kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sínú mọ́tò, ó jókòó, ó ń retí mi. Nígbà tá a débẹ̀, ó gbé àga kalẹ̀, ó kọ̀yìn sómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí máàkì.

Mo wọ omi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ojú ọ̀nì sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo ń bọ̀, àga ti yí padà pátápátá, ó fi ìwé bojú oòrùn, ó ń wò mí.

Nílé mo yẹ ìwé náà wò. Ẹyọ kan ló máàkì. Ó sì fún ọmọ yẹn ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹsàn-án

750 nínú puùlù. Ọgbọ̀n ìlà, n ò dúró. Ìṣẹ́jú méjìlélógún. Kóòṣì wo aago, ó ní, "Ó dáa. Ẹ lọ jẹun." Ọ̀gá Aago ní òun ò tíì gbọ́ kó yin ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹtì, 12

Wọ́n ti so bọ́ọ̀lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo lọ gba nọ́ńbà. Mo dúró ní bèbè, mo wo àkọ́kọ́ dáadáa. Kò jìnnà tó bí mo ṣe rò. Tàbí èmi ni mo sún mọ́ ọn.

Mo ká nọ́ńbà náà sápò, mo lọ sílé.

Àbámẹ́ta, 13

Ìjì.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń kó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mànàmáná lórí adágún, ààrá tẹ̀ lé e. A dúró lábẹ́ ìborí, tàwa ti fìlà rọ́bà lórí. Bàbá tó ń darí ìdíje mú gbohùngbohùn: kò sẹ́ni tó máa wọ omi. Bí ojú ọjọ́ bá là, eré kúkurú la ó fi rọ́pò rẹ̀, ká wá gun kẹ̀kẹ́, ká tún sáré. Àwọn kan hó yèè. Àwọn kan dì mọ́ra wọn.

Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá Aago rò pé ayọ̀ ni. Ó ń gbá mi lẹ́yìn, ó ń wí pé, "Ọlọ́run yọ wá!" Nígbà tó yá, ojú ọjọ́ là.

Mo sáré. Mo gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè tó ń lé olè lọ. Mo sáré. Ipò kẹta nínú àwọn obìnrin tó ti lé lógójì! Wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn. Gbogbo èèyàn ń kí mi, mo ń dúpẹ́. Kóòṣì nìkan ni kò kí mi. Ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó lọ.

Aṣọ àgbàbọ̀: bí kò fúnni lápá, á ṣoni. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yẹn ṣe rí lọ́rùn mi.

Nílé, Tíṣà gbé omi gbígbóná fún mi. Ó ní inú mi ò dùn. Mo ní ó dùn. Ó ní òun ti ń wo ojú yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, kí n má parọ́ fóun.

Ó wá ní, "Mo bi wọ́n léèrè. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa tó kó àwọn bọ́ọ̀lù yẹn kúrò."

Mo wò ó.

"Mo ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀. Mo pe Kóòṣì náà. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la."

Ọjọ́ Àìkú, 14

Kò sí búrẹ́dì lónìí. Mo lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn: *Oníbúrẹ́dì lọ wẹ̀.*

Adágún parọ́rọ́. Òjò àná ti sọ ọ́ di pípọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń léfòó. Kò sí gbohùngbohùn, kò sí èrò. Kóòṣì ní bèbè. Ọlọ́kọ̀ àti Tíṣà nínú ọkọ̀ — Tíṣà tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀, ẹ̀wù ìléfòó gùn ún dé etí, ó di pákó mú ní ọwọ́ méjèèjì.

Fèrè dún. Mo wọ omi.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́: mo fọwọ́ kàn án. Ó yọ̀, ó tutù, rọ́bà lásán ni. Mo yí i po. Láàárín rẹ̀ àti èkejì, igi kan gbá mi lójú, awò tí mo fi ń lúwẹ̀ẹ́ ṣí, omi wọlé. Àyà mi já. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọkọ̀ sún mọ́ mi. Tíṣà na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ náà, ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí mi. A wo ara wa. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó jókòó lé e.

Mo da omi inú awò nù, mo yí padà, mo kùn, mo yíjú. Èkejì. Mi ò rántí pé mo ń ka apá mọ́ láti èkejì dé ẹ̀kẹta. Oòrùn yọ ní apá òsì; ìgbàkúùgbà tí mo bá yíjú gba èémí, ó wà níbẹ̀. Ó wù mí kó má tètè tán. Èmi! Nínú omi!

Ẹsẹ̀ mi kan ẹrẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ àfi ọlọ́kọ̀. Kóòṣì ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìlọ́po méjì." Ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó ń lọ sílé.

Mo nura, mo wọ aṣọ. Nígbà tí mo yíjú, Tíṣà ti bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń rìn wọnú omi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Mo ní kí ló ń ṣe. Ó bi mí bóyá ibi jíjìn máa ń tutù jù báyìí lọ. Mo ní ó máa ń tutù, ó sì máa ń mọ́ni lára.

Omi dé orúnkún rẹ̀. Mo ní ká máa lọ, ebi ń pa mí. Ó ní kí n ṣe sùúrù fóun díẹ̀ sí i.