Ìwọ̀n Rẹ Wà Nínú Ìwé Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ara ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ nílùú ńlá, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Àwa náà wà. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì nìkan ló kù tí ara rẹ̀ ò yá.

Ìwé ewì tí o kọ nípa ìdílé wa ti dé. Mo kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó wá gba ṣòkòtò jókòó títí, ó sì gbàgbé ṣòkòtò lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ẹ tẹ ìwé yẹn rẹ́ ẹ jẹ. Kò sí ìlà kan tó dé etí ìwé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó ti bọ́ sísàlẹ̀. Bí èmi bá gé aṣọ oníbàárà báyẹn, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n máa fà mí lọ.

Níbi tí o ti bèèrè pé "Ta ni mí?" lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójú ìwé kan ṣoṣo, àyà ìyá rẹ já, ó ní iyè ọmọ òun ti ra. Mo sáré lọ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé ìbí rẹ, mẹ́fà, ọ̀kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà nínú àpòòwé yìí. Máa mú ọ̀kan dání tí o bá ń jáde.

Ewì tó gbẹ̀yìn ló dùn mí, n ò ní parọ́. O ní, "Bàbá mi wọn gbogbo àdúgbò, kò wọn èmi rí." Èmi kẹ̀? Mo tú àpótí, mo gbé ìwé ìwọ̀n mi àtijọ́ jáde. O wà níbẹ̀ láti ọmọ ọdún méjì, ìgbà mọ́kàndínlógún, èjìká, àyà, gígùn apá, àti ibi tí mo kọ ọ́ sí pé "kò dúró jẹ́ẹ́". Níwọ̀n ìgbà tí òǹtẹ̀wé ti fi àyè sílẹ̀, mo mú bíró, mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewì náà, ó wá dé etí ìwé. Mo fẹ́ fagi lé ọ̀rọ̀ rẹ, ni mo bá rí i pé ọdún kẹfà rèé tí mo wọ̀n ẹ́ gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí ò ń lọ sílùú ńlá. Ojú tì mí. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, bíró mi náà ti tán. Ṣùgbọ́n má fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́ lórí fóònù o, fóònù kì í sọ òótọ́, nínú àwòrán ọjọ́sí o ò ju àtàǹpàkò mi lọ, ìyá rẹ ní ṣé o ń jẹun. Wá fúnra rẹ. Ọlọ́run á mú ẹ wálé láyọ̀, á bá wa láyé.

Téèpù wà lọ́rùn mi.

Bàbá rẹ, télọ̀