Òkúta Ìyá Rẹ Tí Mo Rà Lórí Fóònù

Ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá dé, kó bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn, tó tún ń ṣọ́ ẹni tó jí, kó máa ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá yẹn tí ẹnì kan kò mọ orúkọ ẹnì kejì. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi èyí àbíkẹ́yìn sílẹ̀? Èmi wà. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ pé ara mi le koko, pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nínú lẹ́tà nìyẹn. Mo ní ara mi kò le. Orúnkún ń dùn mí, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, òbúkọ sì ti kú. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òbúkọ ló mú mi kọ̀wé, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. O mọ̀ pé látìgbà tó ti lọ, àràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń lọ ro koríko orí sàréè rẹ̀. Ìṣísẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n láti ẹnu géètì itẹ́ òkú: ogójì síwájú, mẹ́jọ sápá òsì. Òjò ọdún yìí wá fọ gbogbo òkìtì ibẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún mi náà sì ti gé ìṣísẹ̀ mi kúrú láìsọ fún mi. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń ro koríko, tí mò ń jókòó, tí mò ń sọ fún un pé òrùlé ti ń jò, pé ìwọ kì í pè tó bó ṣe yẹ. Ọjọ́ kan ni ìdílé kan dé, wọ́n dúró sẹ́yìn mi, wọ́n wò mí títí, ni àgbà inú wọn bá bi mí pé níbo ni mo ti mọ bàbá àwọn. Ọmọ mi, ọkùnrin ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí. Kò sí àṣírí ilé wa tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òkúta ni ìyá rẹ máa ní, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí lásán, nítorí ta ni yóò máa bá mi kà á? Èyí tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sí ni. Ẹni tí kò mọ̀wé, ojú èèyàn ló ń kà. Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni fóònù tí o rà fún mi bá gbé òkúta jáde fúnra rẹ̀. Òkúta dúdú, ó ń dán bí ojú omi kànga lọ́sàn-án gangan, ojú obìnrin kan sì wà lára rẹ̀ ketekete. Ẹnu yà mí. Mo ní ìyá rẹ ló rán an sí mi.

Abẹ́ òkúta náà ni àtàǹpàkò wà. O mọ àtàǹpàkò yẹn, èyí tó nà sókè. Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì mọ nọ́ńbà: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti díẹ̀. Èmi tí o ń wò yìí, mi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àtàǹpàkò jẹ́. Àtàǹpàkò ni mo tẹ̀ nígbà tí mo ra ilẹ̀ tí a kọ́lé sí. Àtàǹpàkò ni mo tẹ̀ nílé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé òkú ìyá rẹ fún mi. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ti búra. Bí ọ̀rọ̀ bá di ariwo, wọ́n á wá mú un nílé. Mo wá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ṣe onídùúró fún ọkùnrin kan ṣoṣo yìí. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, ẹni méjì péré ni mo rí tó dúró fún mi, ọ̀kan sì ti mutí yó.

Mo tẹ ibi tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, ohùn ọkùnrin kan sì dé, ó rọ̀ bí òwú. Bàbá wa ló ń pè mí. Ó ní ìdajì owó ni àwọn ń gbà lọ́sẹ̀ yìí, pé òkúta méjì péré ló kù, pé bí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí. Mo pè é kí n lè bi í ní ọ̀rọ̀ kan, kò gbé e. Ó kàn tún fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ pé òun ń gbẹ́ òkúta lọ́wọ́. Mo tún pè, kò gbé e. Èmi tí mo gbẹ́ kànga fún ogójì ọdún! Bí o bá sọ òkò sínú kànga tí o kò gbọ́ ìró, ṣé o máa tún fi korobá sí i ni? Èmi fi korobá sí i. Owó òrùlé tí o fi ránṣẹ́ ni mo mú. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Ayafọ́tò ibùdókọ̀, tó tún máa ń báni fowó ránṣẹ́, òun ni mo lọ bá. Ó ní Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni yìí, pé orúkọ èèyàn lásán ló wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ìwọ ta ló mọ̀ ọ́? Ó fowó ránṣẹ́. Ó bá mi ya fọ́tò ìyá rẹ sórí fóònù, èyí tó yà lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ, tí oòrùn mú kó di ojú kan, tó pa ẹnu dé kí àlàfo eyín rẹ̀ má baà hàn, a sì fi í ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Òun nìkan la ní. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó ní owó ọkọ̀ ló kù. Mo san án. Ó ní owó àwọn tó máa sọ̀ ọ́ ló kù. Mo san ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ kejì, àwòrán ojú ọkùnrin náà tó máa ń wà lókè fóònù, onírùngbọ̀n kan tó mọ́ra, mi ò rí i mọ́. Nǹkan bí eérú ló kù níbẹ̀, bí orí tí kò lójú. Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Mo rò pé ó ti kú ni. Ìyá rẹ náà, bó ṣe rí nìyẹn: láàárọ̀ ó ń bá mi jà nítorí fìlà, nírọ̀lẹ́ ojú ti di eérú. Mo jókòó, mo fi ohùn ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà ọkùnrin náà fún àwọn ará ilé rẹ̀, mo bá wọn kẹ́dùn. Mo ní kí wọ́n má tètè kó aṣọ rẹ̀ jáde, nítorí òórùn ara a máa pẹ́ nínú aṣọ. Mo ní kí wọ́n máa jẹun bí kò tilẹ̀ wù wọ́n. Mo ní òkúta tèmi lè dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, fóònù tún gbé òkúta jáde. Ojú ìyá rẹ ló wà lára rẹ̀, ó di ojú kan, ó ń wò mí. Mo pariwo. Mo ní àwọn ọmọ olóògbé ti jókòó sídìí iṣẹ́ bàbá wọn, wọ́n sì ti bá mi parí tèmi. Mo tẹ àtàǹpàkò sí i lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ní ibùdókọ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti dé ni mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Awakọ̀ kan bi mí pé Bàbá, ṣé ìyàwó lẹ ń dúró dè ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹrin ni bíríkìlà tó ń gbé ìsàlẹ̀ òpópó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá tirẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun ti ń wo òkúta náà lórí fóònù, ọkàn òun kò balẹ̀, àfi ìgbà tí òun rí ojú Ìyá Oníyọ̀. Ó ní láti kékeré ni ìyá rẹ ti ń wọn iyọ̀ fún òun, kò ti ìka bọ agolo rí kí iyọ̀ lè dín, torí náà ibi tí òun bá ti rí i, òun ò ní béèrè ẹ̀rí. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ló fi ránṣẹ́. Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni tèmi dé, ṣé ó wúwo. Mo ní kò tíì dé. Àwa méjèèjì wo ara wa.

Mo pe aránṣọ kó wá ka ohun tó wà lára òkúta. Orúkọ tó kà kì í ṣe orúkọ ìyá rẹ. Orúkọ obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ni, ó sì ka ọdún tí wọ́n bí obìnrin náà: lọ́dún yẹn, ìwọ ti ń lọ sílé ìwé. Àpá iná ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ náà, wọ́n ti pa á rẹ́. Mo ti ṣàkíyèsí ìyẹn tẹ́lẹ̀ o, mo rò pé dídán òkúta ló ṣe é.

Aránṣọ kò ṣàánú mi. Ó ní ṣé ẹni tó ń ta òkúta kò ní ní ilé tó ń kó o sí? Ó ní ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì pé oṣù kan lórí fóònù, pé ó sì ti yí orúkọ padà. Pé àwọn tó ń yìn ín nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn kọ, wọ́n tiẹ̀ ṣì í kọ síbì kan náà. Ó ní àtàǹpàkò yẹn kì í ṣe ìbúra, ẹni tó ń jẹun lè tẹ̀ ẹ́, ọmọ ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, àwọn kan tilẹ̀ ń tà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Mo ní ayé ti bàjẹ́. Ó ní ayé kọ́, èmi ni mi ò bi òun léèrè, torí mo mọ̀ pé òun máa ní kí n má san án. Òótọ́ ló sọ. Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Owó kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá rẹ fi ta iyọ̀. Bí ìdí agolo bá ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, ó máa sọ ọ́ nù, mo máa ń bá a jà pé agolo owó ni. Ní báyìí tí kò lè la ẹnu mọ́, wọ́n gbé ojú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà olè, ó ń pe èèyàn wọlé fún wọn. Bíríkìlà kò bá mi jà. Ó ń kí mi, kì í wo ojú mi. Mo ti gbé fóònù kiri láti ilé dé ilé, mò ń sọ pé ìyàwó mi nìyí, ẹ má rà á o. Àwọn kan ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Ṣé wọ́n parọ́?

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Aránṣọ ní ibì kan wà tí èèyàn ń tẹ̀ láti fẹjọ́ àwọn olè yìí sun àwọn tó ni ibi tí wọ́n ń polówó sí. Ó ti tẹ̀ ẹ́, wọn ò fọhùn. Ìwọ náà tẹ̀ ẹ́, kí ọkọ rẹ tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí olè bá lè rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó yẹ kí ìyá rẹ rí ogún. Bá mi yọ àtàǹpàkò tèmi kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí o sì fowó ránṣẹ́. Kì í ṣe ti òrùlé, jẹ́ kó máa jò. Ti bíríkìlà ni, kí n máa dá a padà fún un díẹ̀díẹ̀, àti ti àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ó ní òun á da ọ̀kan sórí ìyá òun, òun á da ọ̀kan sórí ìyá rẹ, lọ́jọ́ kan náà, òun ò ní gba owó iṣẹ́.

O ò ní sin ọmọ. Ẹni tí o bá fọkàn tán kò ní fi ọ́ jẹun. Wàá dàgbà ju ìyá rẹ lọ, ojú rẹ kò sì ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́.

Bí fóònù tìrẹ náà bá gbé e jáde lọ́jọ́ kan, má bẹ̀rù. Kí i dáadáa. Sọ fún un pé mo ní kò jẹ̀bi. Má sì ra nǹkan kan.

Èmi ni, bàbá rẹ.