Ẹ Dá Ọmọ Ọmọ Mi Padà, N Kò Tíì Kú

Ilé Làmídì Aránṣọ,
Gwagwarwa, Kano.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 1957.

Akọ̀wé Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ọmọ Òrukàn,
Sabon Gari, Kano.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÁTI GBA ỌMỌLARÁ OYÈYẸMÍ FÚN ÌYÁ BABA RẸ̀

1. Èmi ni Susanna Oyèyẹmí, ìyá James tó ṣe sójà ní Bọ́mà, tó sì padà di káńsẹ́lọ̀ ní Sabon Gari. N kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá sọ ni akọ̀wé yìí ń kọ.

2. James kú lóṣù tó kọjá. Rose ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọlará nìkan ló kù, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá mú un. Mo bá a pé ẹ ti fi í fún Ọ̀gbẹ́ni Japhet, alága ẹgbẹ́ òṣèlú James, nítorí wọ́n sọ fún yín pé ìyá baba rẹ̀ ti kú.

3. Níbí ni mo ti gbọ́ bí mo ṣe kú. Nígbà ìbò ọdún 1954, àwọn èèyàn kò ka James sí. Sójà tó ti Bọ́mà dé pọ̀ nílùú. Ẹni tó ti ṣe òkú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí àgbà. Ó bá kéde pé mo kú, pé wọ́n ti sin mí sílé. Ó pa màlúù, ó gbé àwòrán mi síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúgbò jẹ, wọ́n yó, wọ́n dìbò fún un. Oko ẹ̀gẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ náà.

4. N kò wá tọrọ àforíjì fún James. Ó máa ń sọ pé òun pa èèyàn púpọ̀ lójú ogun. Ẹnì kan ṣoṣo tó dá mi lójú pé ó pa ni èmi.

5. Mo lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Japhet. Ó dá mi mọ̀ láti inú àwòrán yẹn. Ó ní òun ti jẹ ẹran òkú mi, òun kò sì lè bì í. Pé bí wọ́n bá rí mi, ẹgbẹ́ òun di ẹlẹ́yà. Ó ní kí n rọra padà síbi tí mo kú sí.

Ọmọ náà jáde. Mo pè é ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí mo fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Ó figbe ta ní Háúsá pé fatalwa dé, òkú tó ń rìn. Ó sá sẹ́yìn ìyàwó Japhet. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì yín lọ́sàn-án gangan, kó di ọwọ́ mi mú, kó mọ̀ pé ó gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ fún mi. N kò ní kí ẹ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Màá kú lóòótọ́ láìpẹ́, òun nìkan ló sì kù tí yóò sin mí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi dópin.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń mí,
(Ó tẹ̀ka)
Susanna Oyèyẹmí,
Ìyá James.