Aṣọ Pupa tí Mo Ń Rán fún Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jí dáadáa, ṣé ọmọ wa ń jẹun? Bí ìwé yìí bá bá yín níbi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe dákẹ́. Bí ó bá sì bá yín nínú ìrònú, kí ìrònú náà gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà kí o lè mọ̀ pé òun ló kí ọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí o, èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kejì, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òrùlé aládùúgbò wa ti ń jò, èmi kọ́ ni mo kàn án. Ìròyìn tó ṣe pàtàkì ni pé mo ti ń ránṣọ. Má rẹ́rìn-ín. O rántí pé nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn, ọmọ rẹ rí irùngbọ̀n mi, ó figbe ta, ó sá sẹ́yìn rẹ, kò sì jẹ́ kí n gbé òun títí ẹ fi lọ. Mi ò bá a jà, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o pè wá pé yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tí o fún un ní fóònù, mo ní kí ni kí bàbá àgbà ṣe fún un, ó ní aṣọ, ó ní pupa lòun fẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn máa bá mi sọ láti ọjọ́ tí o ti bí i nìyẹn. Ṣé mo wá lè lọ ra èyí tí gbogbo ayé ń rà ni? Mo ní ọwọ́ tó kan ilé tí a bí ọ sí, ọwọ́ yẹn náà ni yóò rán aṣọ tí ọmọ rẹ máa wọ̀ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá télọ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ní kí n wá jókòó ti òun, kí òun kọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi tí mo wo ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀kan péré tí mo ti ń kan àga kó tó kọ́ mi! Mo ti gé igi tó le bí òkúta, kí wá ni aṣọ tó ń fì lẹ́lẹ́? Mo gbé máṣíìnì ìyá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi ìṣó kan aṣọ mọ́ tábìlì kó má baà sá fún mi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kọ́tìnnì àtijọ́ ni mo fi kọ́ ọwọ́, mo fi rán ẹ̀wù fún ara mi. Mo gé ọrùn rẹ̀ bí a ṣe ń gbẹ́ ihò fún ẹsẹ̀ àga, pẹ́kípẹ́kí, tí afẹ́fẹ́ pàápàá kò ní ráyè. Ó gba ọrùn lóòótọ́. Àṣé orí ló máa ń kọ́kọ́ kọjá. Mo fi agbára fà á wọ̀, ó há sí mi níwájú orí, mi ò lè lọ, mi ò lè bọ̀. Ìyá rẹ ló fi sísọ́ọ̀sì gé mi jáde, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń gbẹ̀bí ọmọ, òun ń gbẹ̀bí ọkọ. Èyí tó tẹ̀lé e, mo gé e bí mo ṣe wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́, kò gba apá mi. Pákó tí o bá ti gé, bó ṣe máa wà nìyẹn títí ayé, ṣùgbọ́n aṣọ ń jẹ ara rẹ̀ lójú rírán. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọ̀ mí dáadáa, tí a bá yọ ti apá kan tó kọjú sẹ́yìn.

Mo rán báàgì ìwé kún un fún ọmọ náà, ìyẹn ni kò yọ mí lẹ́nu. Ìyá télọ̀ ní báàgì aṣọ máa ń rọ̀ lulẹ̀ bí kò bá sí nǹkan nínú ẹ̀. Tèmi kì í rọ̀. Mo fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ aṣọ náà, mo fi ìdè ilẹ̀kùn sí ìdérí rẹ̀, ó ń ṣí, ó ń tì bí ilẹ̀kùn ilé ọlọ́lá. Ìyá rẹ ní ọmọ náà kò ní lè gbé e. Mo ní kó máa jẹun.

Ó wá ku ìwọ̀n ọmọ. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́. Mo ní káfíńtà wo ló ń bèèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí kò di téèpù mú rí, ṣebí fọ́tò rẹ̀ wà nínú fóònù? Mo gbé téèpù lé e. Ọmọ náà kò ju ìka mi lọ. Mo mọ̀ pé fóònù ló fún un pọ̀, mi ò ya òmùgọ̀. Ni ìka mi méjì bá ṣèèṣì kan ojú fóònù, ọmọ bá ga sókè lójú mi kòrókòró! Mo pariwo pe ìyá rẹ, mo ní kó wá wò ó, ọmọ wa ti ń dàgbà, kí ilé ìwé yáa tètè wọlé.

Mo bá ṣe bí ọ̀gá. Mo rí ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn ọmọ náà nínú fọ́tò. Ta ló mọ gíga ilẹ̀kùn bí èmi? Gbogbo èyí tí mo ti kàn láyé mi, gíga kan náà ni wọ́n. Orí ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè ilẹ̀kùn ọ̀hún. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní èmi ló jọ, ó ga bí òpó! Ìyá rẹ ní ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé kò lè ga tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ìlú ńlá lẹ wà, oúnjẹ ibẹ̀ yàtọ̀.

Mo fi aṣọ pupa tí mo rà rán ẹ̀wù ọmọ náà. Aṣọ yẹn dára! Ojú rírán rẹ̀ tọ́ bí okùn tí a fà, ìṣẹ́tí rẹ̀ kò yẹ̀. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá, ó sì gbé e wọ̀ jáde. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó ní ẹ ṣé o, baálé mi, láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò rán èyí tó dára tó báyìí fún mi rí. Ìgbà tó pè ọ́ ni o wá sọ fún un pé kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé ló wà nínú fọ́tò yẹn, pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó àwo sí ni. Káfíńtà tó kan kọ́bọ́ọ̀dù tó jọ ilẹ̀kùn ilé ló jẹ̀bi, kì í ṣe èmi.

Ìyá rẹ kò bọ́ ọ mọ́. Aṣọ pupa ti tán lọ́wọ́ mi, ilé ìwé sì ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣèlérí fún ọmọ tí kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún aṣọ pupa míì àti òwú àti abẹ́rẹ́, torí mo ti ṣẹ́ ti ìyá rẹ tán. Má fi í sórí fóònù bí o ṣe máa ń wí. Mo ti ṣí ẹ̀yìn fóònù wò dáadáa, bátìrì nìkan ló wà níbẹ̀. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Rárá, má fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ìwọ fúnra rẹ mú un wá, kí o sì mú ọmọ náà dání kí ilé ìwé tó wọlé. Má kọ nọ́ńbà ránṣẹ́, má fi fọ́tò ránṣẹ́. Ìyá télọ̀ ní ara ẹni la fi ń wọn aṣọ, mo sì gbà fún un, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbà. Bí ọmọ náà bá rí mi tó sunkún, kò séwu, ẹkún kì í dín ọmọ kù. Màá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹkún náà.

Kí ọ̀nà yín là gaara. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má ṣe tú. Kí ọmọ rẹ dàgbà ju gbogbo aṣọ tí mo bá rán fún un lọ, kí n sì wà láyé láti máa rán òmíràn.

Èmi ni bàbá rẹ,
káfíńtà tó tún di télọ̀.