Ẹ Má Dalẹ̀ Síbí Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ọkọ̀ akólẹ̀ ò dé. Ilé méje ló wà lójú ọ̀nà yìí nígbà tá a kó dé, mi ò lè kà wọ́n mọ́. Gbogbo wọn ń da tiwọn sábẹ́ fèrèsé mi. Èmi náà ń dà á. Níbo ni kí n gbé e gbà? Ọ̀gá Kékeré — ọmọ oṣù mẹ́jọ, òun ló ń pàṣẹ — wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí n tó fọ aṣọ ẹ̀ tán. Mò ń kà á.

Ọjọ́rú, 5
Wọ́n tún dáná sí ààtàn. Èéfín ọ̀rá. Mo fi aṣọ tútù dí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìyá Onílé ní èmi tí mo kàwé mẹ́fà ni kí n kọ ìkìlọ̀ sí páálí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁ DALẸ̀ SÍBÍ MỌ́. Télọ̀ iwájú ilé rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ṣé àwọn ọ̀dàlẹ̀ ni mò ń bá wí ni, ó yẹ kí n là á níyà: da ilẹ̀. Ó ti sọ mí ní Ìyá Má-Dalẹ̀. Gbogbo ilé ti gbà á. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 9
Bàbá ọmọ pè láti ibi iṣẹ́. Mo ní àlàáfíà la wà.

Ìṣẹ́gun, 11
Nọ́ọ̀sì ní àyà ọmọ ti wúwo. Ká padà wá lọ́jọ́ Ajé, káàdì ẹ̀ lọ́wọ́ — láìsí káàdì, wọn ò ní wò ó. Kí n gbé e kúrò níbi èéfín. Síbo? Mo yà sí ọ́fíìsì wolé-wolé, mo fẹjọ́ ààtàn sùn. Mo ní kó má dárúkọ mi o.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ọ̀la ni wolé-wolé ń bọ̀. Mo palẹ̀ yàrá mọ́. Gbogbo bébà orí tábìlì, mo kó o sínú ọ̀rá, mo dà á nù.

Ẹtì, 14
Ó fi igi tú ààtàn náà. Ó ní orúkọ tóun bá rí níbẹ̀, ẹni náà ló ni ín. Káàdì ọmọ mi ló fà yọ. Ó wò ó, ó wò mí.
“Ṣebí ìwọ náà lo wá fẹjọ́ sùn?”
Gbogbo ilé yíjú sí mi. Télọ̀ ló sọ ọ́, kò rẹ́rìn-ín:
“Ìyá Má-Dalẹ̀ ló dalẹ̀.”
Èwo ló ń wí nínú méjèèjì? Méjèèjì ni mo ṣe.
Wolé-wolé ti káàdì bàpò. Ẹ̀rí ni, ó ní. Mo kúnlẹ̀. Ó lọ.

Àbámẹ́ta, 15
Ìyá Onílé ní kí n kó jáde kóṣù tó parí. Ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ — ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí mi.

Ajé, 17
Ọsibítù: káàdì dà? Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Kí n lọ mú un wá. Ọ́fíìsì wolé-wolé: ọ̀gá lọ ìpàdé. A padà wálé. Wọ́n ti ń sun ààtàn, iná ti mú páálí mi, ó ku SÍBÍ MỌ́.
Mo dí fèrèsé.
Ọ̀gá Kékeré ò wúkọ́ látàárọ̀. Mo gbé etí lé àyà ẹ̀. Mímí ẹ̀ ni mò ń kà.