Irínwó Aṣọ ó Lé Méjìdínlógún

                                                            Yàrá Ìránṣọ,
                                                            Àjà Kejì, Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Kánmọ́kánmọ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le koko? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń bá a fínra ti fi í sílẹ̀? Ọmọ wa kékeré tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun? Ìyá rẹ ńkọ́, pẹ̀lú orúnkún wọn? Dìde nísinsìnyí kí o lọ bá mi kí wọn, nítorí mo mọ̀ ọ́, bí o bá ti ki ojú bọ ìwé, o kì í rántí ẹnikẹ́ni mọ́. Ní tèmi, a dúpẹ́. Àwọn ọmọ wà, baba wọn náà wà, ó ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo.

Láti oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá tí o ti gbé báàgì kọ́ èjìká, tí o fi aṣọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tí o sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láì dágbére fún ẹnì kankan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí ọ. Mi ò dárúkọ Màmá Àlùmọ́gàjí, agéṣọ wa, nínú ọ̀kankan. Mo mọ̀ pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ṣùgbọ́n lónìí, mo máa dárúkọ wọn, mo sì máa dá a léraléra. Jọ̀ọ́, má fa ìwé náà ya. Kà á dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn bó bá wù ọ́, fi dáná.

Ìwé kan ló dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọ́n ń kọ ọ́ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan nílẹ̀ yìí, àwọn tó ń ṣe àga, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, àti àwa aránṣọ, pé kí kálukú sọ iye ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá ọdún tó kọjá. Wọn ò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iye ni wọ́n ń fẹ́: ṣẹ́ẹ̀tì mélòó, gáùn mélòó, ṣòkòtò mélòó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àyè kan wà tí ẹni tó kọ ọ́ máa fọwọ́ sí, pé òótọ́ ni. Ta tún ni onítọ̀hún bí kò ṣe èmi, tí ẹ sọ ní Akọ̀wé torí pé mo mọ ìwé kọ ju bí mo ti mọ aṣọ rán lọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ wa. Mo ṣírò títí, ó já sí 3,600. Mo gbé e fún Ọ̀gá, ojú wọn fà ro. Wọ́n ní kí n fi 2,400 kún un, kó di 6,000 géérégé. Ẹ̀yìn rẹ ni ọ̀rọ̀ 2,400 yìí ṣẹlẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé ni. Òkè òkun ni wọ́n ti rán an parí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wà nínú ọ̀rá, bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ pé pérépéré. Báàjì ilé-ìwé nìkan la rán mọ́ àyà wọn, a lọ̀ wọ́n, a kó wọn lọ. Ó tán.

Má tíì bínú sí Ọ̀gá. Ilé ìwòsàn ńlá fẹ́ yan ibi tí yóò máa rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì wọn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà mú ẹ̀dà ìwé ìjọba yìí wá, kí wọ́n lè rí bí agbára rẹ̀ ti tó. Bó bá bọ́ sí i fún wa, gbogbo àwa mẹ́sàn-án la ó máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí kò bá bọ́ sí i, Ọ̀gá ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé èèyàn márùn-ún ni apá àwọn lè ká. Èmi tí ọwọ́ mi ń falẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, o mọ̀ dájú pé mi ò sí nínú márùn-ún yẹn. Nítorí náà, mo kọ 6,000. Kí n má parọ́ fún ọ, mo tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni obìnrin tí ìjọba ní kó wá gba ìwé náà dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, ó fi awò sójú, àtẹ̀gùn wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kó tó dókè. Orí àga rẹ àtijọ́ ló jókòó sí. Ó ka ìwé náà lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó wá béèrè wẹ́rẹ́ pé ṣé níbí yìí la ti rán gbogbo 6,000 náà. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi wolẹ̀. Ibẹ̀ ni ìró àlùmọ́gàjí ti dáwọ́ dúró nídìí tábìlì ńlá.

O mọ̀ pé kì í dáwọ́ dúró. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nínú yàrá yẹn, òjò ì báà rọ̀, àlejò ì báà dé, Màmá á máa gé aṣọ wọn lọ ni. Wọ́n fi àlùmọ́gàjí lélẹ̀, wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ṣé ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn wà nínú ẹ̀ ni?”

Ọ̀gá ní, “Màmá, ṣebí àwa la rán báàjì mọ́ ọn.”

Màmá ní, “Ẹni tó dé fìlà fọ́mọ kọ́ ló bí i. Mi ò gé e. Èyí tí mi ò bá ti gé, a ò rán an.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ló máa ń rí. Àwọn kan lára wa ń fojú bá Màmá wí, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí 2,400 yẹn jẹ́ fún wa. Iṣẹ́ tiwọn gan-an wà nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ gba agéṣọ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin síṣẹ́ bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa lọ? Síbẹ̀, wọn ò mikàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí àpótí abẹ́ tábìlì, wọ́n sì fa okùn yẹn jáde.

Okùn yẹn náà ni, ọ̀rẹ́ mi! Èyí tí èmi pẹ̀lú rẹ ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀ àkísà, tí o máa ń fi tépù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, tí o ń rìn bíi Màmá, títí a ó fi máa di ikùn mú fún ẹ̀rín. A rò pé eré àgbà ni. Ó ṣe wá jẹ́ pé nínú gbogbo ọdún tí a fi rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó béèrè rí pé kí ló wà fún?

Ohun tó wà fún nìyí. Ní gbogbo ìgbà tí o bá kó aṣọ tí o rán tán lọ síwájú wọn, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á mú àjákù aṣọ náà tí kò ju èékánná lọ, wọ́n á so ó mọ́ okùn. Òwú tí wọ́n fi so ó ní àwọ̀ tirẹ̀ fún aránṣọ kọ̀ọ̀kan. Kókó ńlá dúró fún aṣọ mẹ́wàá, kókó kékeré dúró fún ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n bá dá padà, kò ní dé orí okùn títí yóò fi dára. Ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ okùn tuntun. Màmá ò mọ̀wé, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wa ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kò sọnù.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó gba orí tábìlì já, ó yí padà, ó tún gbà á já lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin ìjọba bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó ní ọdún méje lòun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò rí irú rẹ̀ rí. A bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, Màmá ń ka kókó, èmi ń wo ìwé. Tèmi jẹ́ aláwọ̀ búlúù, kò sì pọ̀, má rẹ́rìn-ín. Ó bá ìwé mu. Ti ẹnì kejì bá ìwé mu. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ títí a fi kan òwú aláwọ̀ ewé. Ó gùn, ó ń lọ ṣáá, mi ò sì rí ohunkóhun nínú ìṣirò mi tó bá a dọ́gba.

Tìrẹ ni. Ojú tì mí wá sílẹ̀. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ, kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Ọjọ́ tí o lọ, inú tó bí Ọ̀gá ló mú wọn fa ìlà gbọọrọ kan lé ojú ewé rẹ nínú ìwé. Nígbà tí mo ń ṣírò, mo rí ìlà náà, mo sì ṣí ewé tó tẹ̀ lé e. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan náà fún ọdún mẹ́fà! Dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹlòmíràn ló ṣe é, ǹ bá bá a jà.

Ọ̀gá ní, “Ẹni tó ti lọ! Kí la tún fẹ́ fi tiẹ̀ ṣe?”

Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Òun ló lọ. Aṣọ tó rán ò bá a lọ.”

Obìnrin ìjọba gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí a rán láàárín ọdún ni ìwé ń béèrè, ẹni tó rán an ì báà wà, ì báà ti lọ. Mo ṣí ojú ewé rẹ, mo fi ìka tọ ìlà náà lábẹ́, mo ṣírò. Irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Màmá ka okùn, irínwó ó lé méjìdínlógún. A tún un kà, ọ̀kan ṣì lé. Mo ní bóyá okùn ló ṣì. Màmá wò mí, mo sì yáa padà sórí ìwé mi.

Wọ́n ní, “Èyí tó lé yẹn, aṣọ nọ́ọ̀sì tó fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ni. Mo bá a ṣe ọrùn ẹ̀. Ọrùn nìkan ni mo ṣe o. Òun ló rán gbogbo ìyókù, ó sì rán an dáadáa.”

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í jáde lẹ́nu wọn. Omi lé sí mi lójú, mo díbọ́n bíi pé eruku aṣọ ni. Mi ò sọ pé wọn ò ṣàṣejù lọ́jọ́ tí o lọ. Wọ́n ṣe é. Kí èèyàn tú iṣẹ́ ẹni lẹ́ẹ̀mẹta níwájú gbogbo ayé, ó dùn ọ́, ó sì yẹ kó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Obìnrin tí o ní kò ka iṣẹ́ rẹ sí nǹkan kan, òun nìkan ló dúró ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbà tí èmi ọ̀rẹ́ rẹ ti ṣí ewé kọjá.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Obìnrin ìjọba rí agbọ̀n fìlà àwọn ọmọ ìkókó tí Màmá máa ń fi àjákù aṣọ rán nígbà ìsinmi, tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn abiyamọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ìyẹn náà wọlé, torí ohun tí a ṣe ni ìwé ń béèrè, kì í ṣe ohun tí a tà. Ó ní mélòó ni? Màmá ní àwọn ò so ó mọ́ okùn, ohun tí àwọn ò bá sì so, àwọn ò lè búra fún un. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ ṣáà dá iye kan! Kódà, ẹ pè é ní igba!” Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Iṣẹ́ gbogbo èèyàn wà lórí okùn, àfi èyí tó jẹ́ tiwọn gan-an.

Nígbà tí a yọ ṣẹ́ẹ̀tì báàjì kúrò, tí a fi tìrẹ kún 3,600, ohun tó já sí ni 4,018. Ọ̀gá jókòó, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Ńṣe ni wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fagi lé 6,000, wọ́n kọ 4,018, wọ́n sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fúnra wọn kí wọ́n tó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo gbóṣùbà fún ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà, mo sì ti sọ fún wọn. Ìgbà tó kàn mí, mo tún iye náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó fọwọ́ sí i.

A ti mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bóyá mẹ́sàn-án la ó kù, bóyá márùn-ún. Bó bá di márùn-ún, máa retí mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ, kí o wá kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń yára nídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tí èmi àti Màmá ń ká okùn náà padà, mo yọjú wo inú agolo òwú wọn. Ẹni tuntun méjì ló ti wọlé látìgbà tí o ti lọ. Ọ̀kan tọrọ aláwọ̀ ewé, Màmá fún un ní aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ní ti ewé ti ní ẹni tó ni ín. Mo ní, “Màmá, ṣé kí n kọ̀wé sí i? Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́?” Wọ́n ń ká okùn wọn lọ. Wọ́n ní, “Má bẹ̀ ẹ́. Àgbà lòun náà. Iye ẹ̀ ni kó o sọ fún un.”

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó má ṣe fi ikọ́ yẹn ṣeré o. Fẹnu ko ọmọ wa lẹ́nu fún mi, bí kò bá ní gé ọ jẹ. Àwọn ará yàrá ń kí ọ, títí kan Ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n fi sọ ọ́.

Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Iye rẹ ni mo sọ fún ọ: irínwó aṣọ ó lé méjìdínlógún.

                                                            Èmi ni tìrẹ, tí kò tún ní fo ojú ewé rẹ mọ́,
                                                            Akọ̀wé.